Sísin Ẹ̀dá Òkun Nínú Ilé

Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ń sin ẹ̀dá inú òkun nínú ilé mu. Wọn a wá àpótí gíláàsì kékeré tí ènìyàn lè gbé ka orí tábìlì. Wọn a bu omi iyọ̀ sí i. Wọn a to òkúta sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọn a sì fi iyùn alààyè àti ẹja kékeré kan tàbí méjì sínú rẹ̀. Ó wu ojú púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì máa rò pé nítorí tí àpótí náà kéré, iṣẹ́ rẹ̀ yóò kéré pẹ̀lú. Èrò yìí kò tọ̀nà rárá. Bí omi náà bá ṣe kéré tó ni ìtọ́jú rẹ̀ ṣe ń nira tó, ẹ̀dá tí kò lè sọ̀rọ̀ ni ó sì ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ san gbèsè àìmọ̀kan ẹni tí ó ń sìn ín.

Òkun jìnnà sí Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ láti ibẹ̀ lọ sí etíkun Èkó yóò rìn ju 200 kìlómítà lọ. Síbẹ̀, òkun kò ṣàjèjì sí àwọn ará Ifẹ̀. Igbó Olókun wà ní ìlú wọn, níbi tí àwọn ará àtijọ́ ti ń yọ́ gíláàsì tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Iyùn náà kò ṣàjèjì sí wọn. Ọba ń fi í ṣe ẹ̀ṣọ́, ìyàwó tuntun sì ń fi í sí ọrùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹ̀dá alààyè ni ó kọ́ iyùn gẹ́gẹ́ bí egungun ara rẹ̀ nínú òkun, kí ó tó di ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń gé tí wọ́n sì ń lu ní ihò. Iyùn ọrùn ìyàwó kò béèrè oúnjẹ, kò sì béèrè ìmọ́lẹ̀. Iyùn alààyè ń béèrè ìtọ́jú lójoojúmọ́.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ iyọ̀. Lítà omi òkun kan ní iyọ̀ tí ó tó nǹkan bíi gíráàmù 35. Bí ooru bá mú, omi a máa gbẹ, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í bá a lọ. Nínú agbami òkun, èyí kò já mọ́ nǹkan. Nínú àpótí kékeré, ife omi mélòó kan tí ó bá gbẹ ti tó láti sọ omi yòókù di èyí tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Olúwa rẹ̀ ní láti máa fi omi tí kò ní iyọ̀ dí àlàfo náà lójoojúmọ́, pàápàá ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí omi ń yára gbẹ nílẹ̀ Ifẹ̀.

Èkejì ni ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù, tí wọ́n máa ń di májèlé nínú omi. Àwọn ohun alààyè tíntìntín kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tí ń sọ májèlé yìí di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó máa ń gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó pọ̀ tó lára òkúta. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kó ẹja sínú àpótí ní ọjọ́ tí ó rà á, ikú ni ó ń kó ẹja náà lọ bá.

Ẹ̀kẹta ni iná mànàmáná. Àwọn ewéko tíntìntín ń gbé inú ẹran ara ọ̀pọ̀ iyùn. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń pèsè oúnjẹ fún un. Ẹ̀rọ ni ó sì ń ru omi sókè bí ìgbì kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Bí iná bá lọ fún wákàtí pípẹ́, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ní 1846, obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Anna Thynne, kó iyùn alààyè láti etíkun Torquay lọ sí London. Kò sí ẹ̀rọ iná mànàmáná nígbà náà. Ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ ni ó ń da omi náà láti inú ohun èlò kan sí òmíràn lẹ́bàá fèrèsé lójoojúmọ́, fún ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ yìí ni kò jẹ́ kí wọ́n kú. Ẹni tí kò bá ní bátìrì, tí kò sì lè ṣe irú làálàá bẹ́ẹ̀, kò tíì ṣetán.

Ọ̀ràn kan tún wà tí ó ju ti inú ilé lọ. Ní 1854, Philip Henry Gosse tẹ ìwé kan tí ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn irú àpótí yìí. Wọ́n ya lu etíkun, wọ́n sì kó àwọn ẹ̀dá inú adágún àárín àpáta débi pé ní 1907, ọmọ rẹ̀, Edmund Gosse, kọ̀wé pẹ̀lú ìbànújẹ́ pé ẹwà ibẹ̀ ti pa run. Ìfẹ́ ni ó mú wọn lọ, síbẹ̀ ìfẹ́ náà ni ó ba ibẹ̀ jẹ́. Lónìí, òkun tí ń gbóná sí i ti ń pa iyùn púpọ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ra èyí tí wọ́n já láti inú òkun, nígbà tí ó lè ra ẹ̀ka tí wọ́n gé lára iyùn tí ènìyàn ti ń sìn, àti ẹja tí wọ́n bí nínú àpótí.

Àwọn kan yóò wí pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí gbogbo ènìyàn jáwọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó bá tọ́jú ẹ̀dá alààyè dáadáa yóò kọ́ sùúrù àti àkíyèsí ju èyí tí ìwé nìkan lè kọ́ ọ lọ. Ṣùgbọ́n ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Kí ọmọ Ifẹ̀ tí ó ní irú ìfẹ́ yìí kọ́kọ́ sin ẹja odò kékeré, tí kò nílò iyọ̀. Kí ó máa pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó sì máa kọ ohun tí ó bá rí sínú ìwé. Bí ó bá ṣe èyí fún ọdún kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí, kí ó tó máa ronú nípa òkun. Bí kò bá lè ṣe é, kí ó fi iyùn sílẹ̀ ní ibi tí Ẹlẹ́dàá fi í sí.