Ẹ bi í léèrè kó tó fín oògùn sílé yín

 

Aránṣọ kan ló kọ̀wé sí wa lọ́sẹ̀ yìí, ó ní ká má dárúkọ òun. Yàrá kan ló ń gbé nínú ilé tí ìdílé mẹ́jọ ti jọ ń lo kíṣìnnì kan. Aáyán dà á láàmù, ló bá pe ọmọkùnrin kan tó ń gbé ike oògùn kọ́ èjìká kiri àdúgbò. Ó fín in, ó gbowó, ó bá tiẹ̀ lọ. Aáyán kú bẹẹrẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n tún ti kún ibẹ̀. Ọmọ ẹ̀ kékeré sì ti ń wúkọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti fín oògùn ọ̀hún. Ó wá ń bi wá pé, "Ṣé kí n tún pè é ni?"

Rárá o, ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ sọ́sibítù ná, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé wọ́n fín oògùn kòkòrò sílé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́.

Kí lọmọkùnrin yẹn fín? Ẹ ò mọ̀, ibẹ̀ gan-an lewu wà. Òtapiápiá inú ìgò tí ò lórúkọ, tàbí Sniper, lọ̀pọ̀ wọn ń lò. Oògùn oko ni Sniper, dichlorvos ni wọ́n ń pe ohun tó wà nínú ẹ̀. Wọn ò ṣe é fún yàrá téèyàn ń sùn. Ọdún 2019 ni NAFDAC fòfin de títa ìgò ẹ̀ kékeré, mìlílítà 100 wálẹ̀, torí báwọn èèyàn ṣe ń ṣì í lò. Bó ṣe ń ba iṣan aáyán jẹ́ náà ló ṣe ń ba tèèyàn jẹ́. Ó ń gba imú wọlé, ó ń gba awọ ara wọlé. Ẹni tó fín in tán, tó ti wíńdò pa, tó wá sùn síbẹ̀, ikú ló ń bá ṣeré.

Bí itọ́ bá ń dà lẹ́nu ẹni tó kó sí i, tómi ń dà lójú ẹ̀, tí òógùn bò ó, tí ara ẹ̀ ń gbọ̀n, tí kò lè mí dáadáa, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má sì tọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Ẹ gbé e síta síbi atẹ́gùn, ẹ bọ́ aṣọ ara ẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àtomi wẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì sáré gbé e lọ sọ́sibítù. Ẹ mú ìgò oògùn náà dání kí dókítà lè rí i.

Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́wà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Oògùn yìí kan náà ló jẹ́ kí àwọn ará Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ wa lóṣù kẹfà ọdún 2015. Ẹ̀wà tó gbẹ dáadáa, tẹ́ ẹ dì sínú àpò onípele mẹ́ta, tẹ́ ẹ so lẹ́nu pinpin, kòkòrò inú ẹ̀ ò ní í rí atẹ́gùn mí, á kú láìsí oògùn kankan.

Kí ló dé táwọn aáyán fi padà? Àpò ẹyin aáyán le, oògùn kì í sáábà wọ inú ẹ̀. Bí ìyá bá kú tán, ọmọ á tún pa. Bẹ́ẹ̀, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n fín, àwọn tó kù sá sí yàrá ará ilé. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ẹ fi sìmẹ́ńtì dí ihò, ẹ tún páìpù tó ń jò ṣe, ẹ má jẹ́ kí abọ́ àìfọ̀ sùn mọ́jú. Ìdajì iṣẹ́ ti parí nìyẹn.

Bẹ́ ẹ bá wá fẹ́ pe ẹni tó máa fín oògùn, ẹ bi í ní nǹkan márùn-ún kẹ́ ẹ tó sanwó.

Èkíní, ṣé ó yẹ ilé wò kó tó dá iye lé e? Oògùn aáyán yàtọ̀ sí ti ìdun, ti ìdun yàtọ̀ sí ti ikán.

Èkejì, oògùn wo ni? Kó gbé ike ẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ rí orúkọ àti nọ́ńbà NAFDAC lára ẹ̀. Bó bá jẹ́ inú ìgò ẹlẹ́rìndòdò ló rọ ọ́ sí, ẹ ní kó máa lọ. Fún aáyán, ẹ bi í bóyá ó ní èyí tó dà bí ìpara, tí wọ́n ń tọ́ sí kọ̀rọ̀ káàáyán jẹ ẹ́. Ìyẹn kì í gba inú afẹ́fẹ́.

Ẹ̀kẹta, ṣé ó wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú? Ẹni tó máa dáni láṣọ, tọrùn ẹ̀ là á wò.

Ẹ̀kẹrin, wákàtí mélòó la máa lò níta? Oúnjẹ, abọ́, ọmọdé, aboyún, adìyẹ, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ kúrò ńlé.

Ẹ̀karùn-ún, ìgbà wo ló máa padà wá? Ẹyin ìdun máa ń pa láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, torí náà ẹ̀ẹ̀kan ò tó. Ẹ san ìdajì, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ san tókù lẹ́yìn ìgbà kejì.

Eku ilé ńkọ́? Májèlé lè pa á sínú àjà, kó máa rùn síbẹ̀. Pàkúté sàn jù. Ẹ má fojú kéré eku o: ìtọ̀ àtìgbẹ́ irú kan lára wọn ló ń kó ibà Lassa ranni, àìsàn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa, ní Borno, lọ́dún 1969, tó sì ti ń ṣọṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹ yé sá gààrì sétí títì. Ẹ fi ọmọrí de oúnjẹ pinpin. Ẹ má fọwọ́ lásán gbé òkú eku, ẹ má sì gbálẹ̀ ìgbẹ́ ẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹ kọ́kọ́ da omi bílíìṣì sí i.

Ẹ̀gbọ́n wa aránṣọ, ẹ pe àwọn ará ilé jọ. Ẹ dá owó náà bí ẹni ń dá àjọ, kí wọ́n fín yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ àti kíṣìnnì lọ́jọ́ kan náà. Owó tó máa kàn yín lè má ju èyí tẹ́ ẹ fún ọmọkùnrin yẹn lọ, ọkàn yín á sì balẹ̀ lórí ọmọ yín. Ẹ kọ̀wé padà sí wa o, ká gbọ́ bí ara ọmọ ṣe rí.

Ó tún dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.