Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Fi Ọwọ́ Ara Wọn Yí Ayé

Nígbàkúgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń ṣe àjọ̀dún, géètì àti gbọ̀ngàn ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Wọn kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ tèmi lọ́tẹ̀ yìí ni pé kí a ra kọ̀ǹpútà, kí a má sì ṣe tì í mọ́ inú yàrá. Kí a gba olùkọ́ tí yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ṣe nǹkan.

Ẹ wo àwòrán ayé tí ń yí, irú èyí tí a ń rí níbẹ̀rẹ̀ ìròyìn orí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ iléèwé lè ṣe é. Ètò kan wà tí ń jẹ́ GIMP, tí Spencer Kimball àti Peter Mattis bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Berkeley ní 1995. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ yóò ṣí àwòrán ayé pẹlẹbẹ, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì gíga rẹ̀. Ètò náà yóò fi bo bọ́ọ̀lù bí èèpo ti ń bo ọsàn. Lẹ́yìn èyí ni yóò béèrè: àwòrán mélòó? Ìhà wo ni kí ó yí sí?

Nínú ìbéèrè méjèèjì yìí ni ẹ̀kọ́ wà. Bí ọmọ bá dáhùn pé 24, ìwọ̀n 15 nínú 360 ni ayé yóò fi yí láti àwòrán kan sí èkejì: ìrìn wákàtí kan gan-an nìyẹn. Bí ó bá sì jẹ́ kí ó yí láti ọ̀tún sí òsì, a jẹ́ pé Abẹ́òkúta ni yóò rí oòrùn ṣáájú Ìjẹ̀bú-Òde! Bẹ́ẹ̀ sì ni ìhà ìlà-oòrùn ni ayé ń yí sí. Àwọn ará Ìjẹ̀bú fi nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì rí i ṣáájú wa. Ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún èyí ṣe kò ní gbàgbé láéláé. Àkọ́sórí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún un.

Àwọn òbí kan yóò ní kọ̀ǹpútà ń ba ọmọ jẹ́. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò rí i kọ́ níléèwé yóò bá a pàdé lórí fóònù, níbi tí kò sí olùkọ́. Wíwò nìkan ni yóò sì mọ̀, kò ní mọ ṣíṣe.

Ní Abẹ́òkúta yìí kan náà ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní 1859. Kì í ṣe pé ó fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé han àwọn ọ̀dọ́ Ẹ̀gbá lásán. A kọ́ wọn ní iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá gba Ṣàpọ́n kọjá lónìí, tí ó rí àwọn tí ń tẹ káàdì àti pátákó jẹun, yóò mọ̀ pé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣègbé.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ ọdún kọ̀ọ̀kan mú kọ̀ǹpútà kan wá, kí a sì pawọ́ pọ̀ san owó olùkọ́ àti ti iná. Ọlọ́run tí ó dá ayé, tí ó sì fún ọmọ ènìyàn ní ọwọ́ àti òye, yóò bùkún ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àmín.