Ọmọ Tí A Bí ní Ìbàdàn, Tí Ó Sáré fún Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọlọ́run fi ìbejì ta ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa lọ́rẹ. Ara ìyá le, àwọn ọmọ náà sì ń mu ọmú dáadáa.

Ìkómọ wọn ni ó bí ọ̀rọ̀ wa ti oṣù yìí. Lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn àgbà ń jiyàn lórí orúkọ ìlú tí a ó kọ sínú ìwé fún àwọn ọmọ náà. Jọ́ọ̀sì ni a bí wọn sí, Jọ́ọ̀sì ni a bí baba wọn sí. Baba àgbà wọn nìkan ni ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìlọrin. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní kí a wo ọ̀rọ̀ Adébáyọ̀. Àwọn àgbà béèrè pé, Adébáyọ̀ wo?

Adédayọ̀ Adébáyọ̀ ni. Ìbàdàn ni a bí i sí ní ọdún 1970, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ti di ògbóǹtarìgì nínú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní rọ́gíbì. Bọ́ọ̀lù yìí kò rí roboto, ó gùn bí ẹyin. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ẹni tí ó bá sì fẹ́ jù ú fún ẹnìkejì kò gbọdọ̀ jù ú síwájú. Ènìyàn 15 ni ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó sígbọnlẹ̀ a máa ti ara wọn láàrin pápá bí akọ màlúù. Àwọn méjì tí ẹsẹ̀ wọn yá jù, tí à ń pè ní wíńgà, a dúró sí etí pápá lọ́tùn-ún àti lósì. Iṣẹ́ wíńgà jọ ti ọkọ̀ ojú irin wa: ọ̀nà tóóró kan ni ó ní, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tẹ ìlà, ó parí. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà àwọn ọ̀tá tí ó sì fi kan ilẹ̀, máàkì 5 ni.

Ẹgbẹ́ Bath ni Adébáyọ̀ ń gbá fún, òun nìkan kọ́ sì ni ọmọ ilẹ̀ wa níbẹ̀: Victor Ubogu tí a bí ní Èkó wà níbẹ̀, Steve Ojomoh tí a bí ní Bìní náà wà níbẹ̀. Ibi tí ìtàn náà dùn mọ́ wa jù ni Murrayfield, ní Edinburgh, ní oṣù Épírì 1993, nígbà tí a kọ́kọ́ gbá Ife Àgbáyé ti ènìyàn méje-méje. Adébáyọ̀ wà nínú àwọn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó lọ. Ọ̀gá wọn ni Andrew Harriman, wíńgà bíi tirẹ̀, tí a bí ní Èkó, ọmọ Olóyè Hope Harriman, ará Ìtsẹkírì tí èdè wọn àti tiwa jẹ́ ọmọ ìyá. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà wọ́n bá Australia pàdé ní àṣekágbá. Harriman gba bọ́ọ̀lù, ó sì sáré yí David Campese ká, Campese tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé. Nígbà tí fèrè dún, Gẹ̀ẹ́sì ní 21, Australia ní 17. Ìgbà 12 ni Harriman gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà nínú ìdíje náà, kò sí ẹni tí ó tó o. Kò sì sí owó nídìí rẹ̀ o, nítorí títí di oṣù Ògọ́sítì 1995 òfin kò gbà kí a sanwó fún ẹni tí ń gbá rọ́gíbì.

Ní oṣù kọkànlá 1996, Adébáyọ̀ wọ ẹ̀wù Gẹ̀ẹ́sì láàrin àwọn 15 fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n na Italy 54 sí 21 ní Twickenham. Ìgbà 6 péré ni ó wọ̀ ọ́ títí di 1998. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n Harriman alára, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ní 1988. Ní oṣù kìíní 1998 Adébáyọ̀ wà lórí pápá ní Bordeaux nígbà tí Bath fi 19 sí 18 borí Brive, tí wọ́n sì di ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí ó gba ife Yúróòpù.

Lẹ́yìn wọn ni Topsy Ojo dé. Èyí, Lọ́ńdọ̀nù ni a bí i sí, bí a ti bí àwọn ọmọ tiwa sí Jọ́ọ̀sì. Ní oṣù kẹfà 2008, ní Auckland, ó gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà New Zealand lẹ́ẹ̀mejì nínú eré rẹ̀ àkọ́kọ́ fún Gẹ̀ẹ́sì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n nà wọ́n 37 sí 20.

Òfin rọ́gíbì gbà kí ènìyàn ṣeré fún ilẹ̀ tí a bí i sí, tàbí tí a bí òbí rẹ̀ tàbí òbí òbí rẹ̀ sí, tàbí ilẹ̀ tí ó ti gbé fún oṣù 60 láìkúrò. Kí ó tó di 2022, oṣù 36 ni. Ọmọ tí a bí ní Anglo Jọ́ọ̀sì ńkọ́? Yóò pé ogún ọdún níhìn-ín, ṣùgbọ́n bí ó bá ń wá àyè ní yunifásítì tàbí iṣẹ́ ìjọba, ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ni wọn ó béèrè, ìlú tí kò dé rí ni yóò sì ti lọ gbà á. Bí ó bá débẹ̀, àwọn ará ilé á ní àwọn kò mọ̀ ọ́n, Yorùbá rẹ̀ ní Hausa nínú.

A mọ̀ pé eré kì í ṣe ilẹ̀. Àwọn Bẹ̀rọ́m, Anaguta àti Afizere ni onílẹ̀, ẹ̀rù sì lè máa bà wọ́n kí àlejò má gba tiwọn; àwa náà ìbá bẹ̀rù bí ó bá jẹ́ ilé wa ni. Èrò tiwa ni pé kí a kọ Jọ́ọ̀sì síbi tí a ti bí àwọn ìbejì náà, kí a kọ Ògbómọ̀ṣọ́ síbi tí ilé baba wọn wà, kí a má sì jẹ́ kí ogún ọdún pé kí àwọn ará ilé tó rí ojú wọn.

Nítorí èyí, ọkọ̀ ẹgbẹ́ tí ń lọ sílé ní ìgbà Kérésì yóò gba ọmọ tí kò dé ilé rí ní ìlàjì owó. Akọ̀wé ń kọ orúkọ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ìwé ìbí ọmọ lọ́wọ́, kì í ṣe ìwé ìrìbọmi nìkan.