Ibi Tí Kámẹ́rà Dúró Sí

Nígbà tí àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ bá parí, a kì í pẹ́ gbàgbé ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí pèpéle. Àwòrán ni í kù. Nítorí náà, ó yẹ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí fi ara balẹ̀ ro ibi tí kámẹ́rà ń dúró sí.

Kò bójú mu kí ayàwòrán dúró lé Aláàfin lórí ní Ọ̀yọ́, tàbí Ṣọ̀ún ní Ògbómọ̀ṣọ́. Yóò bẹ̀rẹ̀ níwájú ìtẹ́, kámẹ́rà yóò sì máa wo òkè. Bẹ́ẹ̀ ni adé ṣe ń ga sí i nínú àwòrán. Àwọn oníṣẹ́ fíìmù náà mọ èyí. Bí ẹ bá tún wo Aníkúlápó, tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní ọdún 2022 lórí ìtàn Ọ̀yọ́ àtijọ́, ẹ kíyè sí ibi tí kámẹ́rà wà nígbà tí ọba bá ń sọ̀rọ̀. Kámẹ́rà a máa sọ ohun tí ẹnu kò sọ.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ń ya ọmọ aláìní tí a fún ní owó ilé-ìwé? Àgbà yóò dúró gbọn-in, ọmọ yóò na ọwọ́ méjèèjì, ayàwòrán yóò sì yà á láti òkè. Ohun tó sún mọ́ kámẹ́rà ni í tóbi: orí ọmọ yóò tóbi, ara rẹ̀ yóò súnkì. Akẹ́kọ̀ọ́ ni a fẹ́ fi hàn, alágbe ni àwòrán fi hàn.

Èrò mi ni pé kí ayàwòrán bẹ̀rẹ̀, kí ojú kámẹ́rà àti ojú ọmọ dọ́gba. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ó bá sì jẹ́ pé ojú lè ti ọmọ náà, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. J. D. 'Okhai Ojeikere, tó ti ṣiṣẹ́ rí ní tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí ya irun dídì àwọn obìnrin ní ọdún 1968, ẹ̀yìn ni ó sì ti ya púpọ̀ nínú wọn. A kò rí ojú wọn, síbẹ̀ iyì wọn kò dín. A lè ya ọmọ náà bákan náà láti ẹ̀yìn, níbi tó ti tẹ orí ba ìwé rẹ̀.

Sákéù, ẹni tí ìlú ń kẹ́gàn, wà lórí igi. Olúwa wa ló gbé ojú sókè wò ó. Kò yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní orúkọ Rẹ̀ fi ojú kéré wo ọmọ kankan, ìbáà ṣe nínú àwòrán. Kí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí, kí wọ́n sì bá ayàwòrán sọ̀rọ̀ kí ó tó gbé kámẹ́rà sókè.