Ọ̀fẹ́ Ju Ọ̀fẹ́ Lọ
Ẹni tó fẹ́ ṣe fídíò láti fi kọ́ni ní Excel kò nílò láti náwó lórí ohun tó ń ká ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Àmọ́ ọ̀fẹ́ ju ọ̀fẹ́ lọ. Òmíràn á lẹ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà mọ́ fídíò yín. Òmíràn á dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, á ní kí ẹ mówó wá. OBS Studio, tó ti wà láti 2012, kì í ṣe méjèèjì. Àwọn kan á ní ó ti le jù, pé Game Bar inú Windows ti tó. Lóòótọ́, ojú OBS kọ́kọ́ ń dẹ́rù bani. Ṣùgbọ́n ètò kan ṣoṣo ni Game Bar ń ká lẹ́ẹ̀kan. Bí olùkọ́ bá bọ́ sínú fódà láti fi fáìlì hàn, fídíò kò ní gbé e. Ti iná ló wá ká mi lára jù. Bí iná bá lọ lójijì, fáìlì MP4 lásán tí ẹ ń ká lọ́wọ́ lè má ṣí mọ́ láéláé, torí ìgbẹ̀yìn ló máa ń kọ atọ́ka tí a fi ń ṣí i. Fáìlì MKV kò rí bẹ́ẹ̀: ibi tí iná bá a dé ló máa dúró sí. Nítorí náà, ẹ yan MKV nínú OBS. Bí ẹ bá parí, Remux Recordings tó wà lábẹ́ File á sọ ọ́ di MP4.