Orí-ire Nìkan Kọ́ Ló Ń Gba Ayò Tó Ti Bàjẹ́ Là

Bí ẹni tó ti ń fìdí rẹmi nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì bá ṣàdédé rí ọ̀nà kan, tó fi ọmọ ayò kan tàbí méjì rúbọ, tó sì pa ọba ẹni tó ti ń yọ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tí òǹwòran máa ń sọ ni pé orí ló gbè é. Àwọn mìíràn á tilẹ̀ ní kó má yangàn, pé ìṣẹ́gun náà kò tọ́ sí i. Mo ta ko èrò yìí. Orí-ire wà níbẹ̀ lóòótọ́, nítorí bí alátakò kò bá ṣàṣìṣe, kò sí ọgbọ́n tó lè gba ayò tó ti bàjẹ́ là. Ṣùgbọ́n àṣìṣe alátakò nìkan kì í jẹ ayò fúnni. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì kúrò lórí pátákó nìkan ló lè rí i, kó sì lò ó.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Monte Carlo lọ́dún 1902, nígbà tí Georg Marco ń bá Ignatz von Popiel ta ṣẹ́ẹ̀sì. Bíṣọ́ọ̀bù Marco wà láàárín pátákó, ayaba Popiel dojú kọ ọ́, ẹṣin Popiel náà ń ṣọ́ ọ. Bí bíṣọ́ọ̀bù yẹn bá kúrò níbẹ̀, rúùkù Marco tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò ṣí sílẹ̀ fún ayaba. Bí kò bá sì kúrò, wọn yóò jẹ ẹ́. Marco gbà pé ó ti tán, ó túúbá. Bẹ́ẹ̀, òun ló ni ayò yẹn! Ká ní ó gbé bíṣọ́ọ̀bù náà lọ sí ojú pátákó tí wọ́n ń pè ní g1, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba Popiel gan-an, ayaba Marco ìbá ti múra láti pa ọba náà ní h2, rúùkù rẹ̀ ìbá sì ti dojú kọ ayaba Popiel lẹ́ẹ̀kan náà. Bí Popiel bá fi ayaba jẹ rúùkù, ọba rẹ̀ kú. Bó bá gbìyànjú láti gba ọba là, ọmọ ayò ńlá ni yóò fi dí i. Orí-ire Marco ti dé, kò kàn dúró gbà á ni.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ nìkan. Ní Sochi, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, lóṣù Kọkànlá ọdún 2014, Magnus Carlsen àti Viswanathan Anand ń du ipò ọ̀gá àgbáyé. Nínú ayò kẹfà, Carlsen ló ń lé Anand kiri. Àfi bó ṣe gbé ọba rẹ̀ sí d2, àṣìṣe ńlá gbáà. Bí Anand bá ti fi ẹṣin jẹ ọmọ-ogun tó wà ní e5 ni, ayò ìbá yí padà. Ibòmíràn ni Anand sún ọmọ ayò sí, Carlsen sì jẹ ayò náà. Anand kì í ṣe ọ̀pẹ o. Òun ló wà nípò ọ̀gá àgbáyé láti 2007 títí di 2013. Lójú tèmi, ó ti ń wá bí òun kò ṣe ní kú débi pé kò wá bí òun yóò ṣe pani mọ́.

Mikhail Tal yàtọ̀. Ní Moscow lọ́dún 1960, nínú ayò kẹfà tí òun àti Mikhail Botvinnik fi du ipò ọ̀gá àgbáyé, ó fi ẹṣin rúbọ ní f4. Ariwo òǹwòran pọ̀ débi pé wọ́n ní láti kó ayò náà lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò nígbẹ̀yìn rí i pé ìgbà kan wà tí Tal ti kú tán: bí Botvinnik bá fi bíṣọ́ọ̀bù jẹ ọmọ-ogun tó wà ní f3, ó parí. Botvinnik rí ayaba Tal, ó fi rúùkù jẹ ẹ́, Tal sì jẹ ayò náà. Ọdún yẹn ló di ọ̀gá àgbáyé ní ọmọ ọdún 23. Orí bá a ṣe é, àmọ́ òun ló ta kókó tí Botvinnik kò rí tú lójú aago.

Àwọn kan yóò ní ọmọlúàbí kì í fi àkókò ẹlòmíràn ṣòfò, pé kí ẹni tó ti kú túúbá. Láàárín àwọn ọ̀ta méjì tí wọ́n jọ rí òpin ayò, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò fi dandan lé ẹnikẹ́ni láti túúbá; ẹni tó bá ní òun ti borí, kó pa ọba ká rí i. Àtakò tó wúwo jù ni ti àwọn tó ń bẹ̀rù pé ọmọdé yóò sọ ọ́ di àṣà, tí yóò máa ta ìtakúta, tí yóò sì máa retí àṣìṣe ẹlòmíràn. Ó yẹ ká gbé e yẹ̀ wò, pàápàá lẹ́yìn tí Túndé Ọnàkọ̀yà fi wákàtí 60 ta ayò yìí ní Times Square, ní New York, lóṣù Kẹrin ọdún 2024, tí orúkọ ṣẹ́ẹ̀sì sì wọ ilé tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n rí. Bí a bá sọ fún ọmọ pé ìṣẹ́gun rẹ̀ kò tọ́ sí i, ohun tó máa kọ́ ni pé bí nǹkan bá ti ń bàjẹ́, kí òun tètè dìde. Bí a bá sì pàtẹ́wọ́ fún un lásán, kò ní mọ ohun tó tì í sí kọ̀rọ̀. Kí olùkọ́ to ọmọ ayò padà sí bó ṣe wà kí ọ̀nà tó là, kí ọmọ náà wá ohun tí alátakò ìbá ṣe láti pa á, kí ó tún padà sẹ́yìn sí ibi tí tirẹ̀ ti kọ́kọ́ bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ kọ máàkì rẹ̀ sílẹ̀ fún un ní kíkún.