Ẹjọ́ tí kò yẹ kí a parí sílé

Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́, òwe kan kì í jìnnà sẹ́nu àwọn àgbà wa: a kì í ti kóòtù dé kí a ṣọ̀rẹ́. Àwa kò sọ pé òwe náà burú. Bí ọ̀rọ̀ ààlà oko tàbí ti gbèsè bá dé iwájú adájọ́, owó a lọ, ìbátan a sì bàjẹ́. Àwọn tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ni òwe náà ń bá wí. Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin tí ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán bá sọ pé ọ̀gá òun fi ipá bá òun lò pọ̀, tí ẹbí sì fi òwe kan náà pa á lẹ́nu mọ́, ọ̀rẹ́ wo ni a ń tún ṣe?

A mọ bí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ti ń lọ. Ọ̀gá yóò dọ̀bálẹ̀, yóò san owó díẹ̀. Wọn yóò ní kí ìyá ọmọ má pariwo, kí ọmọ rẹ̀ lè rí ọkọ fẹ́. Nígbà mìíràn, ọ̀gá náà gan-an ni wọn yóò fà á fún. Ọmọ náà kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń ná ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń ná ewúrẹ́.

Òfin Bẹ̀nẹ̀ kò fojú kékeré wò ó. Láti 2012 ni a ti ní òfin tí ń fìyà jẹ ẹni tí ó bá hùwà ipá sí obìnrin. Ní ogúnjọ́ oṣù Kejìlá 2021, òfin 2021-11 gbé irú ẹjọ́ wọ̀nyí lọ síwájú CRIET, ilé ẹjọ́ tí a dá sílẹ̀ ní 2018 nítorí àwọn tí ń jí owó ìlú àti àwọn apániláyà. Ẹ wo irú ẹgbẹ́ tí òfin kó wọn mọ́! Institut National de la Femme náà lè gba ẹ̀sùn, kí ó sì dúró ti ọmọ náà níwájú adájọ́. Ní Tógò, òfin 2022-020 ti oṣù Kejìlá 2022 ń dáàbò bo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ irú ìwà yìí.

Èdè Faransé ni a fi kọ gbogbo rẹ̀, ọ̀nà sì jìn láti Ṣábẹ̀ dé ibi tí CRIET ń jókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbọ́ Faransé, ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ìyá yín. Ẹ sọ fún wọn pé kọmisaríà ìlú ẹni ni ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀, àti pé kí ọmọ tó wẹ̀, kí a tó fọ aṣọ rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí a kọ́kọ́ gbé e lọ. Ìwé dókítà yóò sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá gba ohùn ọmọ. Oògùn tí ń dènà àrùn sídà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé ni a gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìpàdé ẹbí a sì máa pẹ́ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.